Lẹ́tà Ọṣẹ àti Aṣọ Funfun Ìyá Wòlíì

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti gbogbo ẹni tí wọ́n bá ka ìwé yìí sí létí, ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọdún 1992 ni mo fẹ́ sọ jáde lónìí. Èmi Ọláníran Adéyẹmí, akọ̀wé ìjọ aládùúrà wa ní Erunmu, ni mo jẹ̀bi ẹ̀sùn tí a torí rẹ̀ gba aṣọ funfun lọ́wọ́ Ìyá Wòlíì Àjíkẹ́. Ìyá Wòlíì kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ gbólóhùn yẹn tí mo sì fa ìwé ya, nítorí ó yà mí lẹ́nu bó ṣe kúrú tó. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọdún méje, ìlà méjì péré ló gbà lórí ìwé. Bóyá nítorí pé ó kúrú bẹ́ẹ̀ ni n kò fi rí i sọ, n kò mọ̀. Nǹkan tí n kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí yóò fi sú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọgbọ́n àrékérekè ni. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú ni.

Ọ̀dọ̀ Roheem ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni, Mùsùlùmí ni, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní oríta Adégbàyí níbi tó ti ń ta ọṣẹ dúdú àti òrí tí ìyàwó rẹ̀, Zubaidah, ń fọwọ́ ara rẹ̀ pò. Ọṣẹ náà dára. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn, torí òun ni mo máa ń fi tu ara mi nínú: ọṣẹ náà dára, kì í ta ni lára, ó sì ń wo èélá. Àmọ́ ọjà kò yá. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ á sáré kọjá, wọ́n á fi eruku bo igbá òrí, wọ́n á lọ. Lọ́jọ́ kan ní 1991, mo sọ fún Roheem pé kí a yé jókòó de oníbàárà, kí a máa kọ lẹ́tà sí wọn nílé. Ó ní, "Lẹ́tà kẹ̀? Ta ló ń fi lẹ́tà ta ọṣẹ?" Mo ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó, wọn kò sì gbọ́n jù wá lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣe bó ṣe wù mí. A jọ fẹnu kò pé a ó máa pín èrè sí méjì, àmọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ni yóò máa wà lórí lẹ́tà. Mo ní kò yẹ kí akọ̀wé ìjọ máa polówó ọṣẹ káàkiri. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń dáàbò bo orúkọ ara mi kí n tó mọ̀ pé n ó ṣe ohun tó burú.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí a ṣe, ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo rẹ̀: "Sí oníbàárà wa ọ̀wọ́n." A fún àwọn awakọ̀ ní díẹ̀, a fún àwọn ọmọ iléèwé ní èyí tó kù kí wọ́n mú un lọ sí agbo-ilé wọn. Ènìyàn mẹ́ta ló wá. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ wá rajà, lẹ́tà ló wá dá padà. Ó ní òun kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa rí, òun kọ́ ni oníbàárà tí a ń wá, kí a máa wá onítọ̀hún lọ. Roheem rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rò ó dáadáa. Èmi tí mo ń ka lẹ́tà fún ìdajì ìlú Erunmu, mo mọ̀ pé ojú ènìyàn kì í là títí tí yóò fi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. A wá ra ìwé kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ra ọṣẹ, a ó béèrè orúkọ rẹ̀, agbo-ilé rẹ̀, àti bóyá ó fẹ́ kí a máa kọ̀wé sí òun. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó dúpẹ́. Lẹ́tà kan, ọ̀rọ̀ kan: ọjọ́ tí ọṣẹ tuntun máa jáde, ibi tí wọ́n ti lè rà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a ó tún kọ òmíràn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, mẹ́rin lónìí, mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò yí ká. Roheem ní, "Ọláníran, díẹ̀díẹ̀ ni, ó ti ń lọ." Òun ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní sùúrù. Èmi ni ara ń ta.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ mọ ìwé ìran, àmọ́ bóyá àlejò wà láàárín yín tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wòlíì wa, ọ̀rọ̀ á máa jáde lẹ́nu rẹ̀ wàrà, tí ó bá sì bọ̀ sípò, kì í rántí ohun tó sọ. Akọ̀wé ló ń jókòó tì í, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ ẹni tó wá, agbo-ilé rẹ̀, ohun tó ń pa á lẹ́kún, àti ohun tí a rí sí i. Ọdún mélòó kan ni èmi àti Ìyá Wòlíì fi ṣe é pọ̀. Tí wọ́n bá ti bọ̀ sípò, wọ́n á nu ojú wọn, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, kí ni mo wí?" N ó kà á fún wọn. Wọ́n á ṣe háà, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́, wọ́n á wá yin Ọlọ́run. Wọn kò mọ ìwé kà rárá. Gbogbo ohun tí ẹnu wọn ti sọ, ọwọ́ mi ló wà. Ìwé náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọ, èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ìwé ìran nítorí ọṣẹ, n kò rántí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo rántí ni pé orúkọ àti agbo-ilé nìkan ni mo kọ́kọ́ dà kọ, mo sì sọ fún ara mi pé orúkọ kì í ṣe àṣírí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé bàbá kan gbàdúrà nítorí èélá tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kọ sí i pé, "Bàbá wa, àwa mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ sùn. Ẹ wá gba ọṣẹ." Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló gun kẹ̀kẹ́ wá sí Adégbàyí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jiná. Ó wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ló rán lẹ́tà sí òun, gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà, èmi náà pariwo. Ṣé irọ́ ni mo pa nígbà yẹn? N kò mọ̀. Láàárín oṣù méjì, èrò kún ṣọ́ọ̀bù débi pé Zubaidah kò rí ọṣẹ pò tó. Roheem bi mí pé, "Níbo lo ti ń mọ ìṣòro wọn?" Mo ní, "Ọlọ́run ni." Kò tún bi mí mọ́.

Mùjíbátù ló kàn. Ìyàwó Sàníù ni, àgbẹ̀ kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Erunmu, ilé Mùsùlùmí paraku. Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọjọ́rú ló máa ń wá sọ́dọ̀ wa, yóò ká ìbòrí rẹ̀ sínú àpò kó tó wọlé, yóò tún gbé e borí kó tó jáde. Ó sọ fún Ìyá Wòlíì níṣojú mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti parí." Ìyá Wòlíì dì í mọ́ra, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò sọ fún wọn? Àwa mẹ́ta yìí náà ni." Wọ́n nawọ́ sí mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìran jáde pé kí ó fi omi odò wẹ̀ fún òwúrọ̀ méje, pé ọmọ ń bọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì ni mo kọ lẹ́tà rẹ̀. Mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí: "Ìyá wa Mùjíbátù, Ọlọ́run rí omijé yín ní Ọjọ́rú. Omi odò tí a ní kí ẹ fi wẹ̀ fún òwúrọ̀ méje, ẹ má ṣe fi ọṣẹ lásán wẹ̀ ẹ́. Oyún kẹrin kò ní bàjẹ́. Ẹ wá sí Adégbàyí." Mo rántí pé inú mi dùn sí i. Mo kà á sókè fún ara mi, mo yí ọ̀rọ̀ kan padà kó lè dùn létí. Mo fi rán ọmọ iléèwé kan láti abúlé wọn. Kò sì sí ibì kankan nínú orí mi tí mo ti bi ara mi pé ta ni yóò kà á fún un. Ẹ gbọ́ o, èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ lẹ́tà kíkà. Èmi tí mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í ṣe ti ẹnì kan ní ìlú tiwa, pé tí lẹ́tà bá wọ agbo-ilé, gbogbo ilé á jókòó yí ẹni tó mọ̀wé ká, torí wọ́n mọ̀ pé ìkíni gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Mo ti jókòó báyìí lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọgọ́rùn-ún ilé. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àbí mo mọ̀ ọ́n, tí ọjà ló bò mí lójú? Mo ti ro ó fún ọdún méje, n kò tíì rí ìdáhùn.

Ṣítù, àbúrò Sàníù, ni ẹni tó mọ̀wé nílé náà. Òun ni wọ́n gbé lẹ́tà fún lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá ọkọ wà níbẹ̀, àwọn orogún wà níbẹ̀, Sàníù fúnra rẹ̀ ń bó kòkó lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Mùjíbátù ló sáré gbé àpótí wá kí Ṣítù lè jókòó, inú rẹ̀ ń dùn pé lẹ́tà dé pẹ̀lú orúkọ òun. Ṣítù kà á dé ibi omijé Ọjọ́rú, ó gbójú sókè. Sàníù ní, "Kà á lọ." Ó kà á tán. Sàníù bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ọjọ́rú wo?" Obìnrin náà kúnlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti dá a padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Akínyẹlé.

Sàníù mú lẹ́tà náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó tẹ́ ẹ sí iwájú Alàgbà Olúwadọ̀tun, olórí ìjọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo fi ń tẹ àwọn lẹ́tà ọṣẹ, kò sí ẹni tó lè dá ọwọ́ mi mọ̀ níbẹ̀. Ohun tó sọ kò pọ̀. Ó ní, "Mi ò bá yín jà nítorí ẹ̀sìn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ inú ilé mi ṣe di ohun tí wọ́n fi ń ta ọṣẹ." Nígbà tó lọ tán, Alàgbà pe ìpàdé àwọn àgbà. Wọ́n ní, "Ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà kò lè tú ara rẹ̀ fó. Akọ̀wé, ǹjẹ́ ìwọ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?" Mo ní, "Rárá, sà. Kò jáde lẹ́nu mi." Òótọ́ ni, kò jáde lẹ́nu mi, ọwọ́ mi ló ti jáde. Bí mo ṣe gbọ́ ara mi nìyẹn, bí agbẹjọ́rò. Wọ́n wá ní àwọn máa rán ẹni lọ béèrè lọ́wọ́ onílé ọṣẹ ní Adégbàyí. Mo yọ́ jáde, mo gun kẹ̀kẹ́, mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Roheem.

Ohun tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ìyá Wòlíì máa ń ra ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù Roheem. Wọ́n fẹ́ràn láti jókòó bá Zubaidah sọ̀rọ̀. Mo sọ fún Roheem pé kó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀, kó má fi kún un, kó má yọ kúrò. Roheem ní, "Ọláníran, mi ò lè gbé Kùránì lé èyí o." Mo ní, "Ta ló ní kí o búra? Ṣé ìyá náà kì í wá ni?" Ó ní wọ́n ń wá. Mo ní, "Ṣé wọn kì í sọ̀rọ̀ ni?" Ó sọ ọ́ fún àwọn tí ìjọ rán bí mo ṣe ní kó sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, gbogbo rẹ̀ sì di irọ́. Èmi àti Roheem kò tún tajà pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kú ní 1996, kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn mọ́ àyàfi èmi.

Wọ́n pe Ìyá Wòlíì. Wọ́n kúnlẹ̀, ìyá àgbà tí àwọn ọmọ wọn ti ń bímọ, wọ́n ní àwọn kò rántí pé àwọn sọ nǹkan kan. Alàgbà ní, "Ẹ kì í rántí ohunkóhun, Ìyá Wòlíì. Gbogbo wa la mọ̀." Ìyá Wòlíì wo ọ̀dọ̀ mi. Ojú yẹn ni n kò lè gbàgbé. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí mi, wọ́n ń retí pé kí n ka ohun tí wọ́n sọ fún wọn bí mo ṣe máa ń ṣe ni. Mo wo ilẹ̀. Ìpàdé dájọ́ pé kí wọ́n má ríran mọ́, kí wọ́n bọ́ sùtánà funfun, kí wọ́n sì máa jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ìdájọ́ náà. Mo kọ ọ́. Ó dùn ún kà, Alàgbà yìn mí. Sùtánà wọn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ìwé ìran wà, tí mo ń ti pa tí mo ń ṣí láti ìgbà náà. Ọdún méje, Ọjọ́ Ìsinmi kan kò yẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa." N ó dáhùn.

Ní ti Mùjíbátù, mo gbọ́ pé ó ti lọ́kọ mìíràn ní Akínyẹlé, ó sì ti bí ọmọ méjì. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi dùn, ojú sì tì mí pé inú mi dùn. Ṣé ìran ló ṣẹ ni, àbí lẹ́tà mi ló lé e síbi tí yóò ti ṣẹ? N kò mọ ibi tí mo lè fi ìròyìn yẹn sí. Kò yọ mí nínú ẹ̀bi, ìyẹn nìkan ló yé mi.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ ní ọdún 1999 yìí. Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ mi Moyinolúwa, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní Bódìjà, wá sílé, ó ní òun àti Zubaidah fẹ́ tún ọṣẹ náà gbé dìde. Ó ní lẹ́tà ti wà báyìí tí wọ́n ń pè ní í-meèlì, kò sí bébà, kò sí awakọ̀, èèyàn lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó dé ọ̀dọ̀ igba ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà kí omi tó hó. Ó ní ohun tó kù ni orúkọ. Ó wá sọ pé, "Bàbá, ṣé ìwé àdúrà àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun kò sí lọ́wọ́ yín? Wọ́n ń kọ àdírẹ́sì í-meèlì wọn sí i. Wọ́n á ti sọ ohun tó ń ṣe wọ́n náà, a ó kàn mọ ohun tí a máa kọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Kò sí ìkà lójú rẹ̀ rárá. Mo wá rí bí ojú tèmi ṣe rí ní 1991. Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi. Irọ́ mìíràn nìyẹn.

Moyinolúwa, ìwọ náà wà nínú ìjọ bí wọ́n ṣe ń ka èyí, nítorí náà gbọ́ mi. Máa kọ í-meèlì rẹ. Kọ ọ́ sí ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí o kọ ọ́. Pè é lórúkọ, sọ ọ̀rọ̀ kan, tó bá ní kí o má kọ ọ́ mọ́, dúpẹ́ kí o sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí Roheem ṣe wí. Ohun tí ènìyàn bá sunkún sọ fún Ọlọ́run, kì í ṣe ọjà. Ìwọ kò sì mọ ta ni yóò dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí yóò bá kà á.

Nǹkan kejì ni pé Ìyá Wòlíì ránṣẹ́ pè mí ní Tọ́sìdeè tó kọjá. Wọ́n ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ mọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sin àwọn pẹ̀lú sùtánà. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, mo ti rò ó títí. Mo rò pé mo sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀mí gbé mi ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí n kò mọ̀. Kọ ọ́ pé mo jẹ́wọ́, pé mo jẹ̀bi. Kọ ọ́ dáadáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ." Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ níbẹ̀. Mo mú bírò, mo kọ ọ́. Bí mo ṣe ń kọ, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń yí ọ̀rọ̀ kan padà kó lè dùn létí. Wọ́n tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣìnà.

Ìwé méjì àti kọ́kọ́rọ́ kan ló wà nínú àpòòwé tí mo kó fún yín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Mùjíbátù àti Sàníù níbikíbi tí wọ́n bá wà. Tí ẹ kò bá lè fi jì mí, n kò ní bá yín jiyàn, n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ fi jì mí. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ mú sùtánà jáde, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ìyá Wòlíì, gbogbo yín, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹ ka ìwé tèmi yìí sókè níbẹ̀ bí Ṣítù ṣe ka ti Mùjíbátù. Èyí tí ìtẹ̀ka wọn wà lórí rẹ̀, ẹ má kà á. Ẹ fà á ya lójú wọn. Etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ sún mọ́ wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn títí yóò fi yé wọn pé wọn kò sọ nǹkan kan.